Ṣé Ó Yẹ Kí Ènìyàn Máa Sanwó Jíìmù?

Lẹ́tà tí àwọn òǹkàwé wa kọ lórí eré ìdárayá pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, jíìmù ló sì gba iwájú nínú wọn. Mẹ́rin ni a mú. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má bínú bí èsì ti àkọ́kọ́ bá gùn ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 46 ni mí, iṣẹ́ ìjókòó ni mo sì ń ṣe láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Tí mo bá gun àtẹ̀gùn dé àjà kejì, mímí mi á ti yí padà, orúnkún sì ti ń dùn mí díẹ̀díẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ń rọ̀ mí pé kí n wá forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù tí òun ń lọ, ó ní wọ́n á dín owó kù fún mi bí mo bá san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ mi ní owó tí a fẹ́ sọ nù nìyẹn, pé ẹni tó bá fẹ́ kí ara òun le, kí ó máa fi ẹsẹ̀ rìn. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? *Abílékọ tí kò fẹ́ kí a dárúkọ òun.*

ÌDÁHÙN: Bí ẹ bá wo ọ̀rọ̀ ọkọ yín àti ti obìnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yìí dáadáa, ẹ óò rí i pé wọn kò ta ko ara wọn. Ìrìn tí ọkọ yín ń sọ, ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ló ń ṣiṣẹ́ fún. Irin tí obìnrin náà ń lọ gbé, iṣan àti egungun ló ń ṣiṣẹ́ fún. Ara nílò méjèèjì, kì í sì í béèrè ibi tí a ti ṣe é. Nítorí náà, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ iye iṣẹ́ tí ara ń fẹ́, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ lọ sanwó fún un.

Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2020 ni pé kí àgbàlagbà máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí ó mọ níwọ̀n, tàbí kí ó fi ìṣẹ́jú 75 sí 150 ṣe èyí tí ó le, kí ó sì tún ya ọjọ́ méjì, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún èyí tí ń fún iṣan gbogbo ara lágbára. Ọ̀nà tí ó rọrùn láti fi dá èyí tí ó mọ níwọ̀n mọ̀ ni kí ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹ ti ń rìn lọ: bí ọ̀rọ̀ bá ń jáde geere ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti débẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni ẹ lè sọ kí ẹ tó tún mí, ẹ ti bọ́ sínú èyí tí ó le. Ìlànà ti ọdún 2010 kì í ka ìrìn tí kò bá tó ìṣẹ́jú 10 lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ èyí kúrò, tí ó fi jẹ́ pé àtẹ̀gùn tí ẹ ń gùn lẹ́nu iṣẹ́ náà wà lára rẹ̀.

Ní ti ọkàn, ọkọ yín jàre. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rí àkọ́kọ́ tí ó fi hàn pé ìṣípòpadà ara ń dáàbò bo ọkàn kò ti inú jíìmù kankan wá. Inú bọ́ọ̀sì ló ti wá. Ní ọdún 1953, oníṣègùn Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní ìlú London. Awakọ̀ á jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí dé òpin rẹ̀, ṣùgbọ́n agbowó á máa gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ náà lọ sókè, á tún sọ̀kalẹ̀, ní gbogbo ọjọ́. Àrùn ọkàn kò pọ̀ láàárín àwọn agbowó tó bí ó ti pọ̀ láàárín àwọn awakọ̀. Láti fi òtítọ́ kún un, Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ padà yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ tí wọ́n ń fún wọn wò ní ọdún 1956, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àwọn awakọ̀ ti tóbi ju ti àwọn agbowó lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe àtẹ̀gùn nìkan ló ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Síbẹ̀, ìwádìí lóríṣiríṣi tí wọ́n ti ṣe láti ìgbà náà ti jẹ́rìí sí i pé ẹni tí ń rìn dáadáa ń ṣe ọkàn rẹ̀ lóore, kò sì sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ sanwó kí ó tó rìn, àfi bí ọ̀nà àdúgbò rẹ̀ bá léwu tàbí bí ojú ọjọ́ kò bá gbà á láyè.

Ọ̀rọ̀ iṣan ni kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti gbè sẹ́yìn obìnrin tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Láti bí ẹni ọgbọ̀n ọdún ó lé ni iṣan ti ń dín kù lára díẹ̀díẹ̀, á sì yára sí i lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Fún obìnrin, egungun pẹ̀lú máa ń yára fúyẹ́ nígbà tí nǹkan oṣù bá fẹ́ dáwọ́ dúró. Ìrìn kò lè dá èyí dúró tó bí ó ti yẹ, torí pé ẹsẹ̀ ti mọ ẹrù tí ó ń gbé, kò sì rí ìdí tí yóò fi túbọ̀ lágbára. Ohun tí ń mú iṣan dàgbà ni ẹrù tí ń pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí ara ti ń mọ̀ ọ́n gbé.

Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ èyí nínú ilé láì san kọ́bọ̀. Ẹ mú àga tí ó dúró gbọn-in, tí kò ní táyà lẹ́sẹ̀, ẹ dúró síwájú rẹ̀, kí ẹsẹ̀ méjèèjì sì fẹ̀ tó èjìká yín. Ẹ sún ìdí sẹ́yìn, kí ẹ máa sọ̀kalẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ jókòó, kí ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ìdí tó fara kan àga. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi gìgísẹ̀ ti ilẹ̀, kí ẹ dìde láì fi ọwọ́ di ohunkóhun mú. Ẹ má jẹ́ kí orúnkún méjèèjì yà wọ inú lọ bá ara wọn. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ, kí ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí ẹ tún un ṣe títí yóò fi di ìpele mẹ́ta. Nígbà tí ẹ bá lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejìlá láì wòkè, ẹ gbá àpò kan tí ìwé wà nínú rẹ̀ mọ́ àyà, kí ẹ padà sí ẹ̀ẹ̀mẹjọ. Iṣan itan tí èyí ń mú lágbára ló ń gba orúnkún sílẹ̀ lọ́wọ́ ìnira, kì í ṣe ìsinmi. Ṣùgbọ́n bí orúnkún bá wú, bí ó bá ń gbóná, tàbí bí ó bá ń yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ óò rí ibi tí agbára ilé mọ. Àpò ìwé á wúwo débi pé kò ní ṣe é gbá mọ́ àyà mọ́, ara yóò sì ti kọjá ohun tí àpò kékeré lè fún un. Yàtọ̀ sí èyí, ilé kò sábà ní ohun tí ènìyàn lè fà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣan ẹ̀yìn tí ẹni tí ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nílò kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ láìsí fífà. Ibi tí jíìmù ti ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nìyí. Irin pẹlẹbẹ tí ó kéré jù lọ tí wọ́n máa ń fi sí etí ọ̀pá kì í sábà ju kìlógíráàmù 1.25 lọ, tí ó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 2.5 péré ni ẹrù yín fi lé sí i. Irú ìdíwọ̀n bẹ́ẹ̀ ṣòro láti rí nínú ilé. Bí ibẹ̀ bá sì ní olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́, yóò rí àṣìṣe tí ẹ kò lè rí lára ara yín.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó. Àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé méjì kan, Stefano DellaVigna àti Ulrike Malmendier, yẹ àkọsílẹ̀ jíìmù mẹ́ta wò ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní ọdún 2006. Àwọn tí wọ́n yàn láti máa san owó oṣù kò lọ ju ìgbà 4.3 lọ lóṣù ní ìpíndọ́gba, tí ó fi jẹ́ pé iye tí ìgbà kọ̀ọ̀kan ná wọn ju iye tí wọn ìbá san lọ ká ní wọ́n kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ẹ̀mẹwàá. Èyí tí ó wá yà mí lẹ́nu jù ni pé ẹni tí kò lọ mọ́ kì í tètè lọ fagi lé orúkọ rẹ̀. Oṣù méjì ó lé máa ń kọjá láàárín ọjọ́ tí ó lọ gbẹ̀yìn àti ọjọ́ tí ó fagi lé e, owó sì ń jáde nínú àpò rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Wọn kì í ṣe òpè. Ní ọjọ́ tí ènìyàn bá ń fọwọ́ sí ìwé, ẹni tí ó wù ú láti dà ló ń sanwó fún, kì í rántí ẹni tí yóò jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tí iṣẹ́ bá ti tán an lókun.

Nítorí ìdí yìí ni mi ò fi fara mọ́ owó ọdún kan, bó ti wù kí ẹ̀dínwó náà dùn tó. Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kí ẹ sì ṣe ti àga yẹn ní ọjọ́ méjì. Bí ẹ kò bá rí àyè fún èyí nínú ilé yín, ó ṣòro kí ẹ tó rí àyè fún jíìmù tí ẹ gbọ́dọ̀ wọ aṣọ, gbé àpò, kí ẹ sì rìnrìn àjò dé. Bí ẹ bá mú un dé òpin, ẹ wá bẹ àwọn ará jíìmù náà kí ẹ lè san ti ẹ̀ẹ̀kan tàbí ti oṣù kan. Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní London ṣe ìwádìí kan, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010, lórí bí ìwà tuntun ṣe ń mọ́ ènìyàn lára. Ọjọ́ 66 ni wọ́n rí ní ìpíndọ́gba, ṣùgbọ́n ti ẹlòmíràn jẹ́ 18, ti ẹlòmíràn sì tó 254. Ẹ má ṣe retí pé kí oṣù kan ti sọ yín di ẹlòmíràn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ lọ wo ibẹ̀, àkókò tí ẹ óò máa lọ gan-an ni kí ẹ sì lọ. Jíìmù tí ó ṣófo ní aago méjìlá ọ̀sán lè kún dẹ́nu ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, tí ènìyàn mẹ́rin á máa tò sídìí ọ̀pá kan ṣoṣo. Ẹ wo ojú olùkọ́: ṣé ẹni tí ń gbé irin ló ń wò ni, àbí fóònù rẹ̀? Ẹ wò ó bóyá wọ́n gbé aṣọ ìnu-òógùn àti oògùn apakòkòrò sí ibi tí ọwọ́ lè tó o, torí ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń làágùn ni làpálàpá ti máa ń ràn. Ẹ ka ibi tí wọ́n kọ bí ènìyàn ṣe lè kúrò nínú ẹgbẹ́ ju bí ẹ ṣe ka ibi tí wọ́n kọ ẹ̀dínwó lọ. Lékè gbogbo rẹ̀, bí kò bá sí lójú ọ̀nà tí ẹ ń gbà relé láti ibi iṣẹ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Mo ti rí jíìmù tó dára gan-an tí àwọn tó sanwó rẹ̀ kò lọ nítorí pé wọ́n gbọ́dọ̀ yà kí wọ́n tó débẹ̀.

Bí mo bá sì ní láti sọ ojú abẹ níkòó fún yín, Màmá: ẹ máa rìn lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹ fi owó jíìmù ra ọjọ́ méjì tí ẹ óò fi gbé irin. Ẹ̀rọ ìsáré ibẹ̀ kò yẹ lóhun tí ẹ ó sanwó nítorí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ ọdún 24 ni mí. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń lọ sí jíìmù, ojoojúmọ́ ni mo sì ń ṣe èyí tí a fi ń dùbúlẹ̀ tí a fi ń dìde jókòó, ṣùgbọ́n ikùn mi kò wọlẹ̀. Ṣé wọ́n kàn ń gba owó mi ni? *Ọ̀dọ́kùnrin tí ọ̀rọ̀ ń dùn.*

ÌDÁHÙN: Arákùnrin, wọn kò jà yín lólè, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan ti sọ èyí fún yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: ọ̀rá kì í yọ ní ibi tí a bá ń lò lára. Iṣan ikùn yín á le, ọ̀rá tí ó bò ó yóò sì wà níbẹ̀ títí ohun tí ẹ ń jẹ fi dín kù sí ohun tí ara ń lò. Oúnjẹ ló ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ènìyàn lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jẹ ohun tí yóò fi wákàtí kan sáré kí ó tó lò ó tán. Ẹ pín ọjọ́ yín sí ti ẹsẹ̀, ti ẹ̀yìn àti ti àyà, nítorí àwọn iṣan ńlá wọ̀nyí ló ń lo agbára jù, kí ẹ sì máa fi okùn wọn ìbàdí yín, torí pé òṣùwọ̀n kì í yà iṣan sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá sì fi abẹ́rẹ́ tàbí hóróo oògùn kan lọ̀ yín pé ó ń yára mú ara gún, ẹ má gbà á. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ ti ba ọkàn àti ẹ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn dá ṣáṣá jẹ́, ó sì lè gba ọmọ bíbí lọ́wọ́ ọkùnrin.

ÌBÉÈRÈ: Ẹni ọdún 67 ni mí, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ mi obìnrin ti san owó jíìmù oṣù mẹ́ta fún mi láì bi mí. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́, ojú sì ń tì mí láàárín àwọn ọmọdé wọ̀nyẹn. Ṣé ọjọ́ orí mi kò ti kọjá èyí? *Bàbá Àgbà.*

ÌDÁHÙN: Bàbá, kò tíì kọjá. Ní ọdún 1990, oníṣègùn Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìròyìn kan jáde nípa àwọn àgbà mẹ́wàá tí wọ́n ń gbé ní ilé ìtọ́jú arúgbó, tí ọjọ́ orí wọn tó àádọ́rùn-ún. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ wọn ní irin gbígbé, irin tó wúwo fún wọn ní tòótọ́. Ẹni kan kò bá a dé òpin, ṣùgbọ́n agbára ẹsẹ̀ àwọn tó ṣe é tán ju ìlọ́po méjì ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ ní ìpíndọ́gba. Ọmọdé ni ẹ jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí dókítà yín mọ̀, kí ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru náà wà ní ìkáwọ́. Tí ẹ bá wá débẹ̀, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ jù ni èémí: ẹ má ṣe sé e mọ́ inú nígbà tí ẹ bá ń gbé nǹkan, torí pé èyí máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru sókè gan-an lójijì. Ẹ mí síta bí ẹ ti ń tì í, kí ẹ mí sínú bí ẹ ti ń dá a padà. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan wà tí kì í jẹ́ kí ọkàn yára lù, nítorí náà ẹ má ṣe gbára lé iye tí aago ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ ibẹ̀ bá kọ. Ọ̀rọ̀ sísọ tí mo ṣàlàyé lókè yẹn ni kí ẹ fi wọn ara yín. Bí àyà bá ń fún yín mọ́ra, bí òòyì bá ń kọ́ yín, tàbí bí mímí bá ṣòro lọ́nà tí kò bá iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe mu, ẹ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì wá ìrànlọ́wọ́. Ẹ bẹ olùkọ́ kí ó fi ìdúró lórí ẹsẹ̀ kan àti ìrìn orí ìlà tààrà kún un, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kí ẹni tó bá ti pé ọdún 65 máa ṣe èyí tí kò ní jẹ́ kí ó ṣubú ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ó kéré tán. Ní ti ìtìjú, aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni kí ẹ máa lọ. Àwọn ọmọdé yẹn á ti wà níbi iṣẹ́, àwọn ẹgbẹ́ yín ni ẹ sì máa bá níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé ìṣísẹ̀ 10,000 lóòjọ́ ni ó pọn dandan? Ṣé ti orí ẹ̀rọ jíìmù sì wà lára rẹ̀? *Akẹ́kọ̀ọ́.*

ÌDÁHÙN: Kò pọn dandan. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló fi iye yẹn sí orúkọ ẹ̀rọ kékeré tí ń ka ìṣísẹ̀, èyí tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 1965, ó sì mọ́ ayé lẹ́nu láti ìgbà náà. Ìwádìí tí wọ́n kó jọ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ní ọdún 2022 fi hàn pé fún ẹni tó ti pé ọgọ́ta ọdún, àǹfààní tó jẹ mọ́ ẹ̀mí gígùn kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i mọ́ lẹ́yìn nǹkan bí 6,000 sí 8,000, àti 8,000 sí 10,000 fún ẹni tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń rin 3,000 tó sún un sí 5,000 ti jèrè gidi.

Ti orí ẹ̀rọ wà lára rẹ̀ dájúdájú. Ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ pé ní ọdún 1818 ni William Cubitt gbé ẹ̀rọ àtẹ̀rìn ńlá kan kalẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi jẹ àwọn ẹlẹ́wọ̀n níyà, tí àwọn ènìyàn wá ń tò láti sanwó fún ìbátan rẹ̀ lónìí. Ohun kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kí ìrìn orí ẹ̀rọ tó ti ìta ni irin tí wọ́n ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rọ̀ mọ́ ọn ti gbé lára ìwúwo rẹ̀ lé e lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà á sì máa ka agbára tí kò lò fún un. Bí ẹsẹ̀ kò bá lè bá a mu láì di irin náà mú, ẹ dín eré rẹ̀ kù.